Rashidi Yekini, ọmọ Ìrá: ọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ òkèèrè
Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ níbi àpéjọ ọdọọdún àwọn ọmọ Makutu

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí ohunkóhun tí mo bá rò pé yóò ṣe ìlú wa ní àǹfààní. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ń retí pé òrùlé ilé-ìwé ni olùkọ́ yóò tún gbé dé. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ohun méjì ni ó mú mi yan ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, ọkùnrin kan wọ ìlú yìí wá pẹ̀lú aṣọ dáadáa àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ méjì lọ́wọ́. Ó dúró wo àwọn ọmọ wa ní pápá fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta, ó yan mẹ́rin nínú wọn, ó sì sọ fún àwọn òbí pé òun yóò mú wọn lọ sí òkè òkun láti lọ máa fi bọ́ọ̀lù jẹun. Owó tí ó béèrè lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan pọ̀ débi pé ìdílé méjì ti ń wá ẹni tí yóò ra oko kaṣú wọn. Ìdílé kan ti fà sẹ́yìn. Ìdílé kejì kò tíì pinnu, wọ́n sì wà láàárín wa níhìn-ín lónìí. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, n kò ní dárúkọ wọn. Ohun kejì ni pé àbá kan wà níwájú ìgbìmọ̀ pé kí a gé pápá ìṣeré sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dá àbá náà ṣe wí, eré ọmọ aláìríkan-ṣe ni bọ́ọ̀lù. Ẹni kan ní kí a ta oko nítorí bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn ní kí a ta pápá nítorí pé bọ́ọ̀lù kò ní láárí. Mo rò pé kí á tó gba ọ̀kan nínú ìmọ̀ràn méjèèjì, ó dára kí á mọ bí iṣẹ́ náà ti rí lára ẹni tí ó ṣe é dé òpin.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tí ó la ọ̀nà. Ní ọdún 1949, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bá àwọn ẹgbẹ́ tí kì í gbowó iṣẹ́ díje. Ẹsẹ̀ lásán ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn fi gbá a. Lẹ́bàá Liverpool, wọ́n na ẹgbẹ́ Marine ní ayò 5 sí 2, ẹnu sì ya àwọn òyìnbó tí ó wá wòran. Teslim Balogun, ọmọ Èkó, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Thunder, èyí ni Ààrá, wà lára àwọn tí ó lọ. Ní 1955 ó padà síbẹ̀, ẹgbẹ́ Peterborough United ni ó sì gbà á, kí ó tó bọ́ sí Queens Park Rangers ní 1956. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba bọ́ọ̀lù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ òòjọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdíje líìgì mẹ́tàlá péré ni ó gbá fún Queens Park Rangers, ayò mẹ́ta ni ó sì jẹ. Ẹni tí ó ti gbọ́ bí wọ́n ti ń kókìkí Ààrá nílé yóò wí pé èyí kéré. Ṣùgbọ́n kí ó rántí òtútù àti ẹrẹ̀ pápá ibẹ̀, kí ó sì rántí pé àlejò dúdú kan ṣoṣo ni láàárín wọn. Owó pàápàá kò pọ̀. Òfin bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òdiwọ̀n sí owó iṣẹ́ wọn, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbá jùlọ kò sì lè gbà ju 20 pọ́n lọ́sẹ̀ lọ títí di ọdún 1961 tí wọ́n pa òfin náà rẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn Balogun ni pé nígbà tí ó rí i pé ẹsẹ̀ òun kò ní gbé òun jìnnà mọ́, ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ agbábọ́ọ̀lù, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó sì wá sílé. Òun ni ó kọ́ ẹgbẹ́ Nàìjíríà tí ó lọ sí ìdíje Òlíḿpíìkì ní Mẹ́síkò ní 1968, níbi tí àwọn ọmọ wa ti bá Bràsíìlì ta ọ̀mì, 3 sí 3. Ó kú ní 1972. Pápá ńlá tí ìjọba Èkó kọ́ sí Surùlérè ni ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á dé ọ̀dọ̀ Yekini, nítorí pé òun ni ó súnmọ́ wa jù. A bí Rashidi Yekini ní Kaduna ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1963, ṣùgbọ́n ọmọ Ìrá ni, ìlú tí ó wà lápá Ọ̀fà, tí àwọn àgbà máa ń dárúkọ mọ́ Ọya. Ẹ má gbàgbé pé láti 1967 títí di 1991 tí a dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, ìpínlẹ̀ Kwara kan náà ni àwa àti àwọn ará Ìrá wà. Nígbà tí Yekini bẹ̀rẹ̀ sí gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, ọmọ ìpínlẹ̀ wa ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ gbé Kaduna ní ìgbà náà mọ irú ibi tí ó ti dàgbà: àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́, níbi tí ọmọ Yorùbá ti ń sọ Haúsá ní òde kí ó tó sọ èdè baba rẹ̀ nínú ilé. Ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ UNTL ni ó ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́kọ́ rí i. Àwọn tí ó rí i ni àwọn òṣìṣẹ́ tí ó máa ń dúró létí pápá lẹ́yìn iṣẹ́.

Ní 1982 ó wá sí Ìbàdàn, sí ọ̀dọ̀ Shooting Stars. Ní 1984 ẹgbẹ́ náà dé àṣekágbá ìdíje ife àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba líìgì ní Áfíríkà, níbi tí Zamalek ti Íjíbítì ti borí wọn. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Abiola Babes ní Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ tí ó gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Ní ọdún 1987 yìí ni ó kọ́kọ́ kúrò nílé, kì í sì í ṣe ìlú òyìnbó ni ó lọ. Abidjan ni ó lọ, sí ọ̀dọ̀ Africa Sports. Ẹ kíyè sí èyí, ẹ̀yin òbí. Ọdún mẹ́fà ni ó fi gbá bọ́ọ̀lù láàárín àwa tìkára wa, ó fi bí ọdún mẹ́ta gbá a nílẹ̀ àwọn aládùúgbò wa, kí ó tó di pé ó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Pọtogí ní 1990. Ó ti pé ẹni ọdún 26 nígbà náà. Àwọn ọmọ tí ọkùnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fẹ́ kó lọ, èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 16.

Setúbal ni ìlú tí ó dé ní Pọtogí. Ìlú apẹja ni, ní etí òkun, níhà gúúsù Lisbon. Ẹja sadíìnì ni a fi mọ̀ ọ́n. Vitória ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn, ẹgbẹ́ tí ó lọ́jọ́ lórí ṣùgbọ́n tí kò lówó bíi Benfica tàbí Porto. Ọdún kan péré lẹ́yìn tí Yekini dé, ní 1991, wọ́n ṣubú sí ìpele kejì. Ẹlòmíràn ìbá ti sá. Yekini dúró. Ní àkókò ìdíje 1992 sí 1993, ayò 34 ni ó jẹ ní ìpele kejì, ẹgbẹ́ náà sì padà sókè. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, láàárín àwọn ẹgbẹ́ ńlá ilẹ̀ Pọtogí, ó jẹ ayò 21, kò sì sí ẹni tí ó jẹ tó o nínú gbogbo líìgì náà. Àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tí ó tayọ jùlọ ní Áfíríkà fún ọdún 1993, ọmọ Nàìjíríà kankan kò sì gba irú oyè bẹ́ẹ̀ rí kí ó tó dé orí rẹ̀.

Kí ni ó mú kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Setúbal? Mo ti ronú sí i gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, nítorí pé a máa ń rí i nínú kíláàsì pé ọmọ kan náà tí ó ń mókè lọ́dọ̀ olùkọ́ kan yóò máa sùn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Atamátàsé ni Yekini, ó ga, ó síngbọnlẹ̀, agbára sì wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà níwájú kì í dá bọ́ọ̀lù gbé wá fúnra rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ni yóò gbà á lọ́wọ́ ọ̀tá, tí wọn yóò sì fi ránṣẹ́ sí i ní àkókò tí ó yẹ. Ní Setúbal, gbogbo ẹgbẹ́ ni ó gbà pé òun ni kí àwọn máa gbé e fún, òun náà sì mọ ìgbà tí yóò dé.

Ọdún 1994 ni ọdún tirẹ̀. Ní oṣù kẹrin, Nàìjíríà gba ife Áfíríkà ní Túnísíà, wọ́n na Zambia ní 2 sí 1 ní àṣekágbá, Yekini sì ni ó jẹ ayò jùlọ nínú gbogbo ìdíje náà, ayò márùn-ún. Ní oṣù kẹfà, àwọn ọmọ wa lọ sí Amẹ́ríkà fún ife àgbáyé, èyí tí Nàìjíríà kò dé rí. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ní ìlú Dallas, wọ́n bá Bọ̀lgéríà pàdé. Kò tíì ju ìṣẹ́jú 21 lọ nígbà tí Finidi George gbá bọ́ọ̀lù kan kọjá níwájú ilé, tí Yekini sì tì í wọlé. Ayò àkọ́kọ́ nìyẹn tí orílẹ̀-èdè wa jẹ nínú ife àgbáyé. Ẹ̀yin tí ẹ wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n ní òru ọjọ́ náà kò lè gbàgbé ohun tí ó ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ó sá wọ inú ilé lọ, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, ó di í mú, ó ń sunkún, ó sì ń ké. Gbogbo ayé ni ó rí àwòrán náà. Mo ti rí i lára ògiri ilé onígbàjámọ̀, mo sì ti rí i lẹ́yìn ìwé ọmọ ilé-ìwé mi tí a bí ní ogún ọdún lẹ́yìn ìdíje náà. Nàìjíríà borí ní ọjọ́ náà pẹ̀lú ayò 3 sí òdo. Ítálì ni ó lé wa padà sílé ní ìpele kejì, 2 sí 1.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, inú gbogbo wa ìbá dùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn Amẹ́ríkà, Yekini kúrò ní Setúbal lọ sí Olympiacos ní ilẹ̀ Gíríìsì, ẹgbẹ́ tí ó tóbi jù, tí owó rẹ̀ sì pọ̀ jù. Àárín òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gún. Ìwọ̀nba ìdíje díẹ̀ ni ó gbá kí ó tó kúrò. Ó lọ sí Gijón ní Sípéènì ní 1995, ibẹ̀ ni orúnkún rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Ó tún padà sí Setúbal ní 1997 fún ìgbà díẹ̀, ó lọ sí Zürich ní Switzerland níbi tí ó ti tún jẹ ayò púpọ̀, ó sì tún kópa nínú ife àgbáyé ní Faransé ní 1998. Lẹ́yìn náà ni Túnísíà, Saudi Arabia, Abidjan lẹ́ẹ̀kejì, títí ó fi padà sílé. Ní 2005, nígbà tí ó ti pé ẹni ọdún 41, ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù fún Gateway ní Abẹ́òkúta. Ayò 37 ni ó jẹ fún Nàìjíríà. Títí di ọjọ́ tí ó fi kú, kò sí ọmọ orílẹ̀-èdè yìí tí ó jẹ tó bẹ́ẹ̀.

Ìbàdàn ni ó fìdí kalẹ̀ sí nígbẹ̀yìn. Ó ń dá gbé. Ó yẹra fún àwọn ọ̀rẹ́ àti àwọn oníròyìn, ìwé ìròyìn sì kọ ọ́ nígbà ayé rẹ̀ pé ara àti ọkàn rẹ̀ kò yá. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2012, ní ẹni ọdún 48, a sì gbé e lọ sí Ìrá, a sin ín síbẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ẹbí sọ tiwọn, àwọn aládùúgbò sọ tiwọn, àwọn tí ó bá a gbá bọ́ọ̀lù sọ tiwọn. Èmi kò jókòó láti dá ẹjọ́ ilé onílé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn èèyàn ńlá tí ó pọ̀ ni ó sọ̀rọ̀ dáadáa nípa rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kú, tí ó sì ṣeé ṣe kí ó gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ bí wọ́n bá ti sọ ọ́ ní ọdún tí ó ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré kan, nítorí pé iṣẹ́ mi ni. Agbábọ́ọ̀lù tí ó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 18 yóò máa parí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 34, bí orúnkún bá gbà fún un. Ọdún 16 nìyẹn. Bí Ọlọ́run bá fún un ní ọdún 70 láyé, ọdún 36 ni ó kù tí yóò gbé láìsí bọ́ọ̀lù. Olùkọ́ tàbí àgbẹ̀ máa ń gbọ́n sí i nínú iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń dàgbà. Ní ti agbábọ́ọ̀lù, ọdún kọ̀ọ̀kan tí ó bá lò lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ni ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Balogun rí èyí ní àkókò, ó kọ́ iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn. Èyí ni mo ṣe ń wí pé kí ọmọ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù parí ìwé mẹ́wàá kí ó sì ṣe ìdánwò WAEC. Kì í ṣe pé mo rò pé bọ́ọ̀lù kò dára.

Ní ti ọkùnrin tí ó wá gba owó, òfin wà. Láti ọdún 2001 ni FIFA, àjọ tí ó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní gbogbo àgbáyé, ti kà á léèwọ̀ pé kí ẹgbẹ́ kan gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi fún àwọn ìdí díẹ̀ tí kò kan àwọn ọmọ tiwa yìí. Láti 2023, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe aṣojú agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò FIFA, kí ó sì gba ìwé àṣẹ. Ẹ ní kí ó fi tirẹ̀ hàn. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni ó máa ń náwó lé e. Aṣojú tí ó bá ní kí bàbá agbábọ́ọ̀lù sanwó kí ẹgbẹ́ tó rí ọmọ rẹ̀, oko kaṣú ni ó wá gbà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí irú wọn já sílẹ̀ ní ìlú òtútù, láìní ìwé àṣẹ ìgbélùú, láìní owó ọkọ̀ àtipadàwálé, kò kéré.

Òfin kan náà tún wà tí ọ̀pọ̀ yín kò gbọ́ rí, ó sì kan ọ̀rọ̀ pápá wa. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ilẹ̀ mìíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà, kí wọ́n pín in fún àwọn ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọmọ náà láti ọdún 12 títí dé 23. Bí ọmọ kan bá gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan fún ọdún mẹ́rin, láti ọdún 12 dé 15, tí a sì wá tà á lẹ́yìn náà fún mílíọ̀nù kan yúrò, 10,000 yúrò ni ìpín ẹgbẹ́ náà, bí a bá tún sì tà á, wọn yóò tún gbà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù, kí ó sì ní àkọsílẹ̀ ọjọ́ orí ọmọ àti ọdún tí ó fi gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ìwé kankan tí ó jẹ́rìí sí i. Bí ọ̀kan nínú wọn bá di Yekini lọ́la, Makutu kò ní rí kọ́bọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ gé pápá sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹ kí ó fi èyí kún ìṣirò rẹ̀.

Nítorí náà, Alága, mo fi àbá mẹ́ta síwájú ìpàdé yìí: kí a fi pápá sílẹ̀ bí ó ti wà, kí a fi orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọ̀dọ́ ìlú yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀, kí olùkọ́ kan sì máa kọ orúkọ àti ọjọ́ orí àwọn ọmọ sínú ìwé, àti pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá wá mú ọmọ lọ sí òkè òkun kọ́kọ́ wá jókòó níwájú ìgbìmọ̀ yìí pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀. Fún ìdílé tí kò tíì pinnu, mo bẹ̀ yín, ẹ má ta oko. Ọmọ yín lè gbá bọ́ọ̀lù ní Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin kí ó sì máa sùn nílé ẹbí. Èmi yóò bá a lọ fún ìdánwò agbábọ́ọ̀lù náà fúnra mi ní àkókò ìsinmi ilé-ìwé. Mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀ orúkọ, ó wà lórí tábìlì akọ̀wé nísinsìnyí. Òbí tí ó bá ní ọmọ tí ó ti pé ọdún 12, kí ó mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi ní ọjọ́ Ajé.